Oorun Tí Mo Sùn Nínú Ọgbà Àwọn Ọba ní Delhi

Obìnrin ará India kan wà níbi iṣẹ́ wa, ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní Etobicoke, lápá kan ìlú Toronto ní Canada. Delhi ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ló ti lọ́kọ. Láti ìgbà tí mo ti ti Delhi dé, tí àwa méjèèjì bá ti bọ́ sí shift kan náà báyìí, ó máa ń fẹ́ kí n ròyìn àwọn ọgbà àtijọ́ ìlú wọn fún òun. Òun ló kúkú ní mi ò gbọdọ̀ dé Delhi kí n má dé àwọn ọgbà tí wọ́n sin àwọn ọba sí, pé irú ẹ̀ ò sí níbòmíì láyé. Á ní, "Ṣé o rí àwọn òdòdó? Ṣé o rí omi tó ń ṣàn láàárín ọgbà?" Kí ni mo fẹ́ sọ fún un? Oorun ni mo sùn níbẹ̀. Ọgbà tí àwọn èèyàn ń wọkọ̀ òfuurufú láti òpin ayé wá wò, tí wọ́n ń ya fọ́tò rẹ̀, èmi sùn níbẹ̀ ni. Mo sùn lórí bẹ́ǹṣì, mo sùn lórí koríko, mo sì fẹ̀yìn ti ògiri ibojì ọba kan, mo sùn. Tí mo bá sọ bẹ́ẹ̀ fún un, á rò pé mò ń fi ìlú òun ṣe yẹ̀yẹ́. Nítorí náà mo máa ń sọ fún un pé ó dára gan-an.

Kì í ṣe fàájì ló gbé mi dé Delhi. Ta ló ráyè fàájì? Ẹni tó ń gbé Rexdale, tó ń tọ́jú arúgbó ní Etobicoke láàárín ọ̀sẹ̀, tó tún ń di ẹrù nílé ìkẹ́rùsí lópin ọ̀sẹ̀, àga bọ́ọ̀sì ni ibi fàájì tirẹ̀, ìyẹn bó bá rí èyí tó ṣófo. Mààmi ló gbé mi lọ. Àwọn dókítà ní Ìbàdàn ní fáàfù kan nínú ọkàn wọn kì í pa dé dáadáa mọ́, pé ẹ̀jẹ̀ ń padà sẹ́yìn níbi tó yẹ kó máa lọ síwájú. Ẹsẹ̀ Mààmi ń wú. Tí wọ́n bá ń gun àtẹ̀gùn ilé wọn, wọ́n á jókòó sí àárín rẹ̀, wọ́n á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Dókítà ní tí wọn ò bá ṣe iṣẹ́ abẹ, ọkàn yẹn á daṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan, ọjọ́ náà ò sì ní jìnnà.

Èmi nìkan ni ọmọ tí Mààmi bí tó yè. Mo fẹ́ kí wọ́n wá sọ́dọ̀ mi ní Toronto, ká jọ wà lójú kan náà, kí n lè máa fojú ara mi wò wọ́n. Mo bá wọn tọrọ físà, ìjọba Canada ò fún wọn. Mo tún tọrọ, wọn ò tún fún wọn. Wọ́n ní àwọn ò gbà pé ìyá arúgbó á padà sílé tó bá ti dé ọ̀dọ̀ ọmọ ẹ̀. Ẹ gbọ́ o! Ìyá tó jẹ́ pé tó bá lọ kí àbúrò rẹ̀ l'Óṣogbo, kì í sùn mọ́jú, nítorí adìyẹ rẹ̀ tó wà nílé! Bẹ́ẹ̀ la ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà India, níbi tí àwọn ará ilé wa ń gbé aláìsàn lọ bí apá wọn bá ká a. India kì í fi físà ni aláìsàn lára. Mo wá ń gba shift mọ́ shift. Ẹni tí ò bá fẹ́ ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Kérésìmesì, èmi ni wọ́n ń pè. Ó dé ibì kan tó jẹ́ pé mò ń sùn lórí ìdúró ní ibùdókọ̀, tí yìnyín ń bọ́ lé mi lórí, tí mi ò sì mọ̀. Nígbà tí gbogbo ètò parí, mo kó ìsinmi mi jọ, mo forí lé Delhi, Mààmi náà gbéra láti Èkó. Ìyá ò rí ọmọ nílé ìyá, kò rí i nílé ọmọ, ìlú onílùú ni àwọn méjèèjì ti lọ pàdé.

Wọ́n fi kẹ̀kẹ́ aláìsàn ti Mààmi jáde sí mi ní pápákọ̀ òfuurufú. Mo kúnlẹ̀ láàárín èrò. Ó ti pẹ́ tí mo ti kúnlẹ̀ kí èèyàn gbẹ̀yìn, ilé ìkẹ́rùsí sì ti jẹ orúnkún mi. Mo kúnlẹ̀ tán, mi ò lè dìde. Mààmi na ọwọ́ látorí kẹ̀kẹ́ wọn, wọ́n fà mí dìde. Wọ́n wò mí lójú, wọ́n wò mí lẹ́sẹ̀, wọ́n wá ní, "Ìyá mi, ta ló lù ọ́?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Mààmi, ọkọ̀ òfuurufú ni."

Wọn ò bá mi rẹ́rìn-ín. Wọ́n di ọwọ́ mi mú títí tí a fi dé ilé àlejò tí a dé sí.

Lọ́jọ́ kejì a lọ rí dókítà. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan ni, ó ní sùúrù. Ó ya ọkàn sórí bébà, ó ní àwọn á la àyà Mààmi, àwọn á yọ fáàfù tó ti gbó, àwọn á fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Bó ṣe ń sọ ọ́ ni mò ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá. Nígbà tó parí, ó béèrè bóyá Mààmi gbà. Mààmi dorí kodò díẹ̀, wọ́n ní, "Mo ti gbọ́. Wọ́n ṣeun gan-an. Ọlọ́run á máa ràn wọ́n lọ́wọ́." Èmi wá sọ fún dókítà pé wọ́n gbà. Inú ọkùnrin náà dùn, ó ní ká kọ́kọ́ fi oògùn rọ ẹ̀jẹ̀ ríru wọn lójú fún bí ọ̀sẹ̀ kan, kí wọ́n máa rìn jẹ́jẹ́ láàárọ̀ kí ara wọn lè le, lẹ́yìn náà ká wá buwọ́ lùwé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, ẹ ti mọ̀ pé mo ti ṣi í gbọ́. Tí àgbà Yorùbá bá ní òun ti gbọ́, ó gbọ́ ni, kò ní òun gbà. Ẹni tó bá fẹ́ gbà, á wádìí. Á ní ta ló máa wà lọ́dọ̀ òun, á ní kí ni wọ́n máa fún òun jẹ. Ẹni tó bá dé ìsọ̀, tí kò nájà, tó kàn ń ṣàdúrà fún ọlọ́jà, ilé ẹ̀ ló ń lọ yẹn. Ojú mi ni Mààmi ti ń ṣe é láti kékeré. Àwọn tó wá bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n wá di ìyá ẹgbẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, "mo ti gbọ́, ẹ ṣeun" ni wọ́n sọ fún wọn, àwọn èèyàn náà sì lọ wá ẹlòmíì lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé láàárín àwọn tó máa ń sọ pé rárá nígbà tó bá jẹ́ rárá ni wọ́n fẹ́ sọ. Etí mi ti di sí ti ilé.

Yàrá tí a dé sí gbóná, ìta rẹ̀ kò ní ibi ìrìn, fèrè ọkọ̀ ló ń dún lọ́tùn-ún lósì. Ìgbà yẹn ni mo rántí ọ̀rọ̀ obìnrin ibi iṣẹ́ wa. Mo ní kò burú, inú ọgbà àwọn ọba ni ká ti máa rìn. Nígbà tí ọkọ̀ tó máa gbé wa dé, Mààmi dúró wò ó. Wọ́n ní, "Háà! Kẹ̀kẹ́ Màrúwá! Ṣé ó ti dé ibí náà ni?"

Mo ní, "Mààmi, ibí ló ti lọ bá yín."

Ọgbà àkọ́kọ́ tóbi, koríko rẹ̀ tútù, àwọn igi rẹ̀ ti dàgbà. Àwọn ilé olókùúta olórùlé rìbìtì wà káàkiri inú rẹ̀, ara wọn ti dúdú, kò sẹ́ni tó ń gbé inú wọn. Àwọn bàbá arúgbó ń sáré, àwọn obìnrin wọ bàtà eré ìdárayá sábẹ́ aṣọ ìbílẹ̀ wọn, wọ́n ń rìn bí ẹni tí wọ́n ń lé. Àwọn ayékòótọ́ aláwọ̀ ewé ń wọlé, wọ́n ń jáde, nínú ihò ara ògiri. Mààmi béèrè pé ta ló ni àwọn ilé yẹn. Mo ní ibojì àwọn ọba àtijọ́ ni.

Mààmi dúró. "Ibojì? Kí wọ́n wá gbin òdòdó yí i ká?"

Kí n tó dáhùn, wọ́n ti rí ọ̀dọ́kùnrin kan àti ọ̀dọ́bìnrin kan lábẹ́ ògiri ibojì, tí wọ́n fara ti ara wọn, tí ọmọkùnrin ń fọwọ́ tún irun ọmọbìnrin ṣe. Mààmi yíjú sápá kejì. "Ẹ gbà mí o. Ìfẹ́ lójú oórì! Kí ni bàbá tó sùn síbẹ̀ fẹ́ rò?"

"Mààmi, ó ti pẹ́ tí bàbá yẹn ti kú."

"Ìyẹn ò ní kó má gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ."

A rìn díẹ̀. Mààmi tún rò ó, wọ́n ní ó ṣe tán, kò burú, pé nílé tiwa náà, inú ilé la ń sin bàbá sí, kí àwọn ọmọ lè máa ṣeré lórí rẹ̀, kó má bàa dá wà. Wọ́n ní àwọn ará ibí gbọ́n díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí igi kan, wọ́n pariwo, "Dóńgóyárò!" Dóńgóyárò ni lóòótọ́, ó pọ̀ níbẹ̀. Mààmi bẹ̀rẹ̀ sí í já ewé rẹ̀, wọ́n ní ibà wà lára mi, pé àwọn á bá mi fi ṣe àgbo. Ẹ̀ṣọ́ ọgbà fun fèrè, ó ń bọ̀ kíákíá. Ojú tì mí. Ṣùgbọ́n Mààmi kí i ní Yorùbá, wọ́n fi ewé hàn án, wọ́n nawọ́ sí mi, wọ́n wá gbé àtẹ́lẹwọ́ wọn lé iwájú orí mi. Ẹ̀ṣọ́ náà wò mí títí. Ó fa ẹ̀ka igi náà wálẹ̀ fún Mààmi kí ọwọ́ wọn lè tó o. Mo ronú nípa ohun tó rí lójú mi tó fi ṣe bẹ́ẹ̀, mo sì jókòó sórí koríko láti ronú sí i. Nígbà tí mo jí, ọ̀sán ti pọ́n.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń rí lójoojúmọ́. Mààmi á rìn, èmi á sùn. Oorun Delhi yẹn kì í ṣe oorun lásán, gbogbo oorun tí mo ti jẹ ara mi ní gbèsè rẹ̀ ní Toronto ló wá bá mi níbẹ̀. Tí ìdí mi bá ti kan bẹ́ǹṣì, ó parí.

Ọgbà kejì la ti jà. Ọgbà yẹn lẹ́wà, mo rí ìyẹn kí n tó sùn. Wọ́n pín in sí ìpín mẹ́rin, omi ń ṣàn nínú ojú àgbàrá tóóró láàárín ìpín kan sí èkejì, ibojì ńlá olókùúta pupa sì wà láàárín gbùngbùn, òrùlé rẹ̀ funfun. Mo ka pátákó ẹnu ọ̀nà fún Mààmi pé ìyàwó ọba ló kọ́ ọ lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀. Wọ́n ní, "Ó mà ṣe é o," wọ́n sì dúró wò ó pẹ́. Bàbá mi ti kú tipẹ́. A wá bẹ́ǹṣì kan tó wà lábẹ́ igi, mo fi báàgì mi ṣe ìrọ̀rí.

Nígbà tí mo lajú, aṣọ kan wà láàárín èmi àti ojú ọ̀run. Mààmi ni. Oòrùn ti yí, igi ti gbé ibòòji rẹ̀ lọ síbòmíì. Mààmi dúró síwájú mi, wọ́n na ìborùn wọn lọ́wọ́ méjèèjì, wọ́n fi bo oòrùn lójú mi. Òógùn ń ṣàn lójú wọn. Ẹsẹ̀ wọn ti wú, ó ti kún àkúnya nínú bàtà. Obìnrin kan tó jókòó nítòsí sọ fún mi ní Gẹ̀ẹ́sì pé ó ti pẹ́ tí ìyá yẹn ti wà lórí ìdúró, pé bí oòrùn bá ti yí ni wọ́n ń yí, pé òun fún wọn láyè kí wọ́n jókòó, wọn ò gbà.

Mo jágbe mọ́ wọn. Mo mọ̀ pé ọmọ kì í jágbe mọ́ ìyá, ṣùgbọ́n mo jágbe, gbogbo ọgbà sì gbọ́. "Mààmi! Kí lẹ̀ ń ṣe? Ẹ̀yin tí wọ́n fẹ́ la àyà yín! Ṣé ẹ fẹ́ ṣubú lulẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ níbí ni?"

Mààmi rọra jókòó. Wọ́n ká ìborùn wọn. "Ta ló fẹ́ la àyà mi?"

"Dókítà! Ṣebí ẹ ti gbà?"

"Mo ní mo ti gbọ́. Ìgbà wo ni mo ní mo gbà?"

Mo ní, "Kí lẹ wá wá ṣe ní India?"

"Ìwọ ni mo wá wò," ni Mààmi wí. "Wọn ò jẹ́ kí n wá sí Canada. Wọ́n ní aláìsàn ló lè wá síbí, mo ní aláìsàn ni mí. Ṣé irọ́ ni mo pa? Mo ti wá, mo ti rí ọ, ohun tí mo rí ò sì dùn mọ́ mi. Èmi tí wọ́n ní ọkàn mi bàjẹ́, èmi ni mò ń rìn. Ìwọ tí kò sí nǹkan tó ṣe ọ́, o ò lè jókòó kí o má sùn. Mo ti mọ ohun tí o fi ń ra fáàfù fún mi. Mi ò rà á mọ́."

Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ohun tí mi ò ṣe. Mo ṣàlàyé, mo bẹ̀bẹ̀, mo tún bínú. Mo pe pásítọ̀ wa ní Rexdale kó bá mi bá wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Pásítọ̀ sọ̀rọ̀ títí, ó gbàdúrà títí, Mààmi ń ṣe "Àmín" lóhùn rara, àwọn tó wà ní yàrá kejì ń gbọ́. Nígbà tó parí, wọ́n ní, "Mo ti gbọ́, sà. Ẹ ṣeun." Mo gba fóònù lọ́wọ́ wọn, mo sọ fún pásítọ̀ kó má wulẹ̀ yọ ara rẹ̀ lẹ́nu mọ́. Dókítà ní kò sí ohun tí òun lè fipá ṣe, ṣùgbọ́n àwọn mìíràn ń retí bẹ́ẹ̀dì, ká mú èsì wá lọ́jọ́ Jímọ̀. Ìsinmi mi náà ń tán lọ. Mo mọ̀ pé tí Mààmi bá padà sílé báyìí, ọkàn yẹn á daṣẹ́ sílẹ̀.

Lọ́jọ́bọ̀, ọjọ́ tó ṣáájú Jímọ̀ yẹn, Mààmi fúnra wọn ló ní ká lọ sí ọgbà kan. Ọgbà kékeré ni, ó ti gbó, adágún omi rẹ̀ ti gbẹ, ṣùgbọ́n òdòdó róòsì kún ibẹ̀, pupa àti funfun. A jókòó sórí àtẹ̀gùn òkúta. Oorun ò kùn mí lọ́jọ́ yẹn, inú tó ń bí mi kò jẹ́. Mààmi ń wo òdòdó, wọ́n ní ẹni tó ń bomi rin wọ́n ń ṣe dáadáa. Bí wọ́n ṣe sọ ọ̀rọ̀ òdòdó yẹn báyìí, bí ẹni tí kò sí nǹkan tó ń ṣe é, mo gbaná jẹ.

Mo ní, "Mààmi, ó ti rẹ̀ mí. Ó rẹ̀ mí! Ẹ ò mọ ohun tójú mi rí kẹ́ ẹ tó lè débí. Mo tọrọ físà, mo bẹ dókítà, mo bẹ ọ̀gá níbi iṣẹ́ méjèèjì. Mi ò mọ ọdún, mi ò mọ ọjọ́ Ìsinmi. Tẹ́ ẹ bá wá padà sílé lọ kú báyìí, gbogbo làálàá mi já sásán nìyẹn. Asán pátápátá!"

Àwọn tó ń ya fọ́tò níbi òdòdó wò wá, wọ́n sún síwájú díẹ̀. Mààmi ò bínú. Wọ́n wá ní, "Tún un sọ kí n gbọ́."

Mi ò lè tún un sọ.

Wọ́n ní, "O ní tí mo bá kú, làálàá rẹ já sásán. Láti ọjọ́ tí a ti pàdé, o ti sọ ti físà, o ti sọ ti dókítà, o ti sọ ti ọ̀gá rẹ. Gbogbo ẹ̀ ni mo gbọ́. O ò tíì fẹnu rẹ sọ ọ́ pé o ò fẹ́ kí n kú."

Mo fẹ́ sọ pé ta ni ò mọ ìyẹn? Ṣé ó yẹ kí èèyàn máa sọ irú ìyẹn ni? Nílé tiwa, a kì í sọ ọ́. Ohun tá a máa ń sọ ni pé ṣé wọ́n ti jẹun, ṣé wọ́n ti lo oògùn, ṣé iná wà. A máa ń ṣe é ni. Mo ti ń ṣe é láti ọjọ́ yìí wá, títí orúnkún mi fi bàjẹ́. Ṣùgbọ́n mo wo Mààmi, mo rí i pé ojú wọn wà lẹ́nu mi, pé wọ́n ń retí rẹ̀ lóòótọ́, bí ẹni tí ebi ń pa. Ó dùn mí wọra.

Mo ní, "Mààmi, mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ kú." Ohùn tó jáde kì í ṣe ohùn àgbàlagbà. Mo tún ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí sílẹ̀. Mi ò lẹ́nì kankan." Ni ẹkún bá gbé mi. Mo sun ún bí ọmọdé, láàárín ọgbà ọlọ́gbà, lójú àwọn tí wọ́n sanwó wá wo òdòdó.

Mààmi fi etí ìborùn wọn nù mí lójú. Wọn ò rọra nù ún, wọ́n nù ún bí wọ́n ṣe ń nu ọmọ tó ṣubú sẹ́rẹ̀. "Ó tó. Ó tó báyẹn. Ìyẹn ni mo lè dáhùn sí. Èmi ò lè tìtorí làálàá gbé àyà mi fún ọlọ́bẹ. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ tìtorí rẹ ni, ó ní bí mo ṣe lè ṣe é."

A jókòó síbẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, wọ́n ní, "Ta ló máa wà níbẹ̀ tí mo bá lajú?" Mo ní èmi ni. Wọ́n ní, "Kí ni wọ́n máa fún mi jẹ? Mi ò lè jẹ ata wọn yìí o." Mo ní mo máa se ògì. Wọ́n ní, "Ṣé nọ́ọ̀sì obìnrin ni yóò bọ́ aṣọ mi, àbí ọkùnrin?" Ìgbà yẹn ni ọkàn mi balẹ̀, mo sì mọ̀ pé wọ́n ti gbà.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Ó pẹ́. Mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn láìsùn, ojú mi ń ta, mi ò gbàdúrà kankan ju "Olúwa, jọ̀ọ́" lọ. Mààmi lajú, èmi ni wọ́n sì kọ́kọ́ rí. Wọn ò lè sọ̀rọ̀ nítorí ike tó wà lẹ́nu wọn, ọwọ́ mi ni wọ́n kàn tẹ̀. Nígbà tí wọ́n ti lè rìn dé ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí dókítà ní wọ́n lè rìnrìn àjò, ìsinmi mi ti pé, ó tiẹ̀ ti lé. A pínyà ní pápákọ̀ òfuurufú. Wọ́n ti Mààmi gba ẹnu ọ̀nà Èkó, èmi gba ti Toronto. Mo kúnlẹ̀ kí n tó lọ. Mààmi ní kí n dìde, pé ilẹ̀ tutù.

Mo padà sẹ́nu iṣẹ́ méjèèjì. Kí la fẹ́ ṣe? Owó ilé ń pè, yìnyín ń bọ̀, bọ́ọ̀sì Rexdale kò sì mọ̀ pé mo re ibì kankan. Mààmi ń pè mí lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì wọn, tí mo bá ń dúró de bọ́ọ̀sì tó máa gbé mi lọ sílé ìkẹ́rùsí. Ohùn wọn ti yàtọ̀, wọn kì í dánu dúró láti mí mọ́ láàárín ọ̀rọ̀. Wọ́n ti tún ń sin adìyẹ. Wọ́n ti bá aládùúgbò jà lórí adìyẹ náà, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ìjà yẹn.

Ó ní ohun kan tí ìyá mi kì í ṣe. Láti ọjọ́ tí mo ti fi ilé sílẹ̀, mo máa ń sọ fún wọn pé mò ń bọ̀ láìpẹ́. Nígbà tí mi ò ní ìwé ìgbélùú, mò ń bọ̀ láìpẹ́. Nígbà tí mo ní in, iṣẹ́ ni, mò ń bọ̀ láìpẹ́. Ohun tí wọ́n máa ń dáhùn ni pé, "Ọlọ́run á mú ọ dé." Wọn kì í béèrè ọjọ́. Àwọn ìyá wa kì í béèrè ọjọ́ lọ́wọ́ ọmọ tó wà lókè òkun, kí ojú má bàa ti ọmọ. Ẹni tó bá béèrè, ó ti tú àṣírí pé kò sí ọjọ́ kankan níbẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú tó kọjá yìí, wọ́n pè mí. Wọ́n ní dókítà Ìbàdàn ti yẹ àwọn wò, ó ní ọkàn ń ṣiṣẹ́ dáadáa, pé àwọn ṣì máa pẹ́. Inú mi dùn, mò ń ṣọpẹ́ lójú títì. Mo ní, "Ẹ ṣé, Mààmi. Mò ń bọ̀ wá wò yín láìpẹ́."

Wọ́n wá ní, "O ní kí n má kú, mi ò kú. Ìgbà wo lo ń bọ̀?"

Bọ́ọ̀sì dé, ó ṣílẹ̀kùn. Awakọ̀ ń wò mí. Mo juwọ́ sí i pé kó máa lọ. Mo dárúkọ oṣù kan fún Mààmi. Wọ́n ní kí n tún un pè. Mo tún un pè.